Ojú Táíyé

Lọ́dún tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù, gbogbo Ìsọlọ̀ ló ń ra àga tuntun. Èmi Ògúnjìmí, káfíńtà, kò ráyè mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, a ó lọ ya fọ́tò àwọn ìbejì mi. Iṣẹ́ ò rọlẹ̀ tí ibà fi mú Táíyé lọ. Àwọn ará àdúgbò ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣé omi ni Táíyé ni?

Fàósátù ìyàwó mi ní kí n gbẹ́ ère Táíyé kíákíá, kó má bàa wá mú Kẹ́hìndé lọ. Àga ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, n ò gbẹ́ ère rí. Mo bá wọkọ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, kí n lọ wo iṣẹ́ àwọn àgbà.

Àwọn ère ìbejì wà nínú gíláàsì. Ojú àgbàlagbà ni wọ́n gbẹ́ fún gbogbo wọn. Ojú àwọn mìíràn tilẹ̀ ti parẹ́. Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn pé kí ló dé.

"Àwọn ìyá wọn ló wẹ̀ wọ́n títí tí ojú fi parẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Inú bí mi. Ojú ọmọ tèmi ò ní parẹ́. Ojú Táíyé gan-an ni n ó gbẹ́, kí àwọn àgbà bínú tí wọ́n bá fẹ́.

Mo wá igi ìrè, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́hìndé ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń gbẹ́, mo ń sunkún, ojú náà sì ń jáde fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, Fàósátù gba ère náà, ó gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló wá wò ó dáadáa.

"Bàbá Ìbejì! Àpá wo lẹ gbẹ́ síwájú orí rẹ̀ yìí?"

Àpá Kẹ́hìndé ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí a sin Táíyé ló ṣubú lu bẹ́ǹṣì mi.

"Ẹni tó wà láàyè lẹ gbẹ́!" Ó ju ère náà sílẹ̀, ó gbé Kẹ́hìndé pọ̀n.

Mo ní n ó tún un ṣe. Mo fi sáńpépà ha àpá náà kúrò, mo wá dijú kí n lè rí Táíyé. Kẹ́hìndé ni mo rí. Mo tún dijú. Kẹ́hìndé náà ni. Mo bá ha imú, mo ha ẹnu, mo ha gbogbo rẹ̀ títí ó fi dán. Mo gbé e fún ìyá rẹ̀.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rántí rẹ̀ mọ́, Ìyá Ìbejì."

Ó fọwọ́ pa ibi tí ojú náà wà tẹ́lẹ̀.

"Èmi náà ò rántí," ó ní.

Ó bu omi sínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.