Àlàfo Ẹ̀yìn Kànga

Ìgbà kẹtàdínlógójì rèé tí Ṣódájú ń mú akọni inú géèmù náà gba ẹnubodè wọlé. Ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ kọ̀ǹpútà, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú kékeré-kékeré sì wà níwájú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, àmì kan. Ògiri tó bá kàn, á fi orí akọni sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ògiri ni lóòótọ́. Aago mẹ́wàá ti kọjá, Ọ̀gá sì fẹ́ rí ìwé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ lórí tábìlì kó tó di aago méjìlá.

Ènìyàn mẹ́fà péré ló wà níléeṣẹ́ wọn. Àwọn géèmù àtijọ́ ni wọ́n ń jí dìde, àwọn tí ẹ̀rọ tó ń gbé wọn ti di ẹrù àkìtàn. Wọ́n á tún wọn ṣe kí kọ̀ǹpútà òde òní lè gbé wọn, wọ́n á sì gbé wọn jáde padà fún àwọn tó gbá wọn nígbà èwe àti fún àwọn ọmọ tó kàn ń gbọ́ ìròyìn wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ báyìí ń jẹ́ Ìlú Odi Méje, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá ń gbá a á yan akọni kan, á fún un ní idà tàbí ọ̀pá, á sì máa la ìlú àwọn oṣó kọjá, odi kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi kan ẹranko abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá tó ṣe é ṣì wà láyé, àdéhùn kan ṣoṣo ló sì bá wọn ṣe: bíríkì kan kò gbọdọ̀ kúrò, bíríkì kan kò gbọdọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá yí ohunkóhun padà, yóò gba ohun ìní rẹ̀. Ọ̀gá ti fi tirẹ̀ lé e: ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọn kò ní kó fọwọ́ kàn, ọjọ́ náà ni yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

"Ṣé ó dájú?" ni ìbéèrè tí obìnrin yìí máa ń bi gbogbo ayé, òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ṣódájú. Wọ́n ní tí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo aago ná. Kò bínú sí i. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa fura, tó bá wá ń gba gbogbo nǹkan gbọ́, olè ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìfura ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀gá ti rí ọ̀kan rà nínú àwọn páálí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ta géèmù náà. Díìsìkì inú rẹ̀ ti hu èébu, kò ṣeé kà mọ́, àmọ́ àwòrán ìlú náà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ṣì mọ́ kedere. Nínú àwòrán, ilé kékeré kan wà lẹ́yìn kànga. Nínú géèmù tó wà níwájú Ṣódájú, koríko ló wà níbẹ̀.

Ó mọ ẹni tí yóò fura sí. Ọkùnrin tó ń kọ kóòdù fún wọn, Alátùn-únṣe ni wọ́n ń pè é, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé. Lọ́dún tó kọjá, nínú géèmù mìíràn, ó fún aṣọ́bodè kan ní irùngbọ̀n, ó ní ojú ọkùnrin náà ṣófo jù. Wọ́n kìlọ̀ fún un nígbà náà. Òun náà ló da géèmù yìí kọ láti orí díìsìkì bàbá. Nígbà tí Ṣódájú bi í nípa ilé ẹ̀yìn kànga, ó fi ẹ̀mí ìyá rẹ̀ búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Fi ìyá ẹ sílẹ̀," ni Ṣódájú dá a lóhùn. "Ìyá ẹ kọ́ ló ń kọ kóòdù."

Ọ̀gá ti gbọ́. Ó ní kí Ṣódájú sáà kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sínú ìwé àbájáde, òun yóò ṣe ìyókù. Ọmọ Alátùn-únṣe kò tíì pé oṣù mẹ́ta láyé, gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣódájú mú akọni dé etí kànga, ó jẹ́ kó dúró. Kò tẹ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wò. Omidan apọnmi jáde láti ọjà, ó ń bọ̀ tààrà. Bó ṣe kan koríko ẹ̀yìn kànga, ó yà sí òsì, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó yà sí ọ̀tún, ó rin mẹ́ta, ó sì tún bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀. Ológun tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀lé e: òsì mẹ́rin, ọ̀tún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ dé. Ewúrẹ́ náà yà.

Ó mú akọni rẹ̀ gba orí koríko náà kọjá. Kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Kí wá ni gbogbo ìlú ń yà fún? Ìfura rẹ̀ di méjì: àfàìmọ̀ kí Alátùn-únṣe má ti bo nǹkan mọ́bẹ̀.

Ó dìde lọ bu omi. Láàárín tábìlì àti fèrèsé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wà tẹ́lẹ̀, ó ṣàdédé dúró. Oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà jù síta, ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́ roro. Síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri lòun tó ń lọ bu omi yìí gbà, bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣì dúró síbẹ̀. Ó wo Ọ̀gá tó ń bọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́: Ọ̀gá náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ti gbé ẹrù kúrò, ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́.

Kò bu omi náà mọ́. Ó pe Alátùn-únṣe, ó bi í pé níbo ni wọ́n kọ ìrìn àwọn ará ìlú sí nínú géèmù yìí. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ọ̀tọ̀ ni fáìlì ilé, ọ̀tọ̀ ni fáìlì ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ ti ẹsẹ̀ fi ọwọ́ dì í ní ìdì-ìdì bí ẹni ń dirun, òun kò tilẹ̀ rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, òun kò sì fọwọ́ kàn án.

"Ìwọ? Ìwọ tí o fún aṣọ́bodè nírùngbọ̀n?"

"Àǹtí, ẹni tó kọ ibẹ̀ yẹn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ fún kóòdù náà ni, mo sì kọjá lọ."

Ó yé Ṣódájú wàyí. Ẹnìkan ti yọ ilé, kò sì rí ẹsẹ̀ yọ. Àmọ́ ẹni náà ṣì lè jẹ́ Alátùn-únṣe. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú díìsìkì tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá fún wọn.

Díìsìkì àtijọ́ ni, ó fẹ̀, ó tinrin bíi páálí. Ojú kékeré kan tí wọ́n gé wà létí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi bébà lẹ ojú náà pa, kò sí ẹ̀rọ tó lè kọ nǹkan sórí rẹ̀ mọ́, kíkà nìkan ló kù. Bébà tó wà lójú èyí ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ti gan mọ́ ara díìsìkì. Bàbá náà buwọ́ lù ú, ìdajì ìbuwọ́lù wà lórí bébà, ìdajì wà lára díìsìkì. Ṣódájú gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Íǹkì kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí. Ó fi èékánná wá etí bébà náà, kò rí ibi tí yóò gbà ká a. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Alátùn-únṣe dúró tì í.

Wọ́n ti díìsìkì náà bọ ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní igun yàrá. Ẹ̀rọ náà kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Wọ́n dé etí kànga: koríko. Apọnmi jáde, ó sì yà.

"Kì í ṣe ìwọ," ni Ṣódájú wí.

Alátùn-únṣe wá àga jókòó. "Ẹ ṣé, Àǹtí."

"Má dúpẹ́. Irùngbọ̀n aṣọ́bodè ṣì wà lọ́rùn ẹ."

Nígbà tí ara Alátùn-únṣe balẹ̀ tán, ó ní bí iṣẹ́ àwọn bá ti bá díìsìkì mu, kí Àǹtí buwọ́ lù ú kí kálukú sinmi. Ohun tí Ọ̀gá náà sọ nìyẹn nígbà tó gbọ́. Àmọ́ ọkàn Ṣódájú kò balẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó fi ariwo bíríkì kan ṣoṣo di gbogbo wọn létí, odindi ilé lòun gbé. Ẹni tó bá ń kígbe olè jù, ó yẹ kí wọ́n tú àpò tirẹ̀ náà wò.

Bàbá náà, tó yẹ kó wá buwọ́ lù ú kí géèmù tó jáde, dé ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, bàtà rẹ̀ ń dán, báírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi bèèrè ibi tí òun yóò buwọ́ lù. Ṣódájú kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wo nǹkan kékeré kan. Apọnmi jáde láti ọjà. Ó yà.

"Bàbá, kí ni omidan yìí ń yà fún?"

Ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni. Ṣódájú ní ewúrẹ́ náà ń ṣe àṣìṣe kan náà, iye ìṣísẹ̀ kan náà. Ojú bàbá le.

"Ọmọ mi, àtúnṣe ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe. Mi ò pe ọlọ́pàá."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ṣódájú wí, ó sì tẹ́ àwòrán bébà náà síwájú rẹ̀.

Bàbá náà fi ìka lé ilé ẹ̀yìn kànga. Ìka náà kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Òun nìkan kọ́ ló ṣe géèmù náà. Òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni, nínú yàrá ìyá wọn, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Òun ló ni ògiri àti ẹranko. Ẹ̀gbọ́n òun ló ni ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀gbọ́n náà wá fi ara rẹ̀ sínú ìlú: obìnrin kan nínú ilé ẹ̀yìn kànga. Akọni tó bá wọlé, ì báà gbé idà, ì báà jẹ́ oṣó, ìbéèrè kan náà ni yóò bi í: "Àbúrò, ṣé o ti jẹun?" Kò sì ní jẹ́ kó jáde títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Lẹ́yìn tí géèmù jáde ni wọ́n jà lórí orúkọ ẹni tí ì bá ṣíwájú lára páálí. Ẹ̀gbọ́n náà kó kúrò nílé. Òun gbé díìsìkì tòun, òun yọ ilé náà, òun yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun lẹ̀ ẹ́ pa.

"Ẹsẹ̀ ni mi ò rí yọ," ló wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe dì í."

Alátùn-únṣe mi orí bí ẹni tó mọ ìyà náà.

Ṣódájú bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n náà ṣì wà láyé. Ó wà, ní ìlú yìí kan náà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ó bèèrè ta ló ní díìsìkì tó pé. Bàbá náà ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ju nǹkan nù.

Ọ̀gá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó fa Ṣódájú sẹ́yìn, ó rọra sọ fún un pé díìsìkì tí wọ́n gbé lé àwọn lọ́wọ́ ni àwọn máa tẹ̀ lé, kó jọ̀ọ́ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí bàbá tó yí ọkàn padà. Ṣódájú kò rẹ ohùn sílẹ̀ láti dá a lóhùn.

"Àdéhùn ní bíríkì kan ò gbọdọ̀ kúrò, Ọ̀gá. Odindi ilé ló kúrò. Mi ò lè buwọ́ lù ú."

"Bí mo bá wá gbé géèmù mi lọ ńkọ́?" ni bàbá náà bèèrè.

"Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ, sà, tòun ti àlàfo ẹ̀ lẹ máa gbé e lọ."

Lójú kọ̀ǹpútà, ológun jáde, ó yà, ó kọjá. Bàbá náà wò ó títí tó fi lọ. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láì wo ìwé, láì wá orúkọ kankan. Ṣódájú rí ìyẹn. Nọ́ńbà tí èèyàn kò pè rí kì í wà lórí ìka báyẹn, àfi tó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ tí kì í jẹ́ kó dún.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹnìkan gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá náà wí. "Èmi ni."

Wọn kò gbọ́ ohun tí ẹni òdìkejì sọ. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, nígbà tó sì sọ ọ́, kò gùn. Bàbá náà yí ojú sí fèrèsé.

"Rárá," ló wí. "Mi ò tíì jẹun."

Ṣódájú kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì kọ ìwé àbájáde. Ó kọ ọ́ pé Alátùn-únṣe kò jẹ̀bi. Ó kọ ọ́ pé ilé kan kù lẹ́yìn kànga, àti obìnrin inú rẹ̀, géèmù náà kò sì gbọdọ̀ jáde títí àwọn méjèèjì yóò fi padà. Ó ronú díẹ̀, ó fi kún un pé orúkọ ènìyàn méjì ló yẹ kó wà lára páálí. Èyí ló buwọ́ lù. Ó ti díìsìkì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé báàgì.

Alátùn-únṣe bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra bèèrè pé, "Àǹtí, ṣé màmá yẹn máa mú díìsìkì náà wá lóòótọ́?"

Ṣódájú wẹ̀yìn wo bàbá tó kọ ẹ̀yìn sí wọn, tí fóònù wà létí rẹ̀, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn kan láì já lù ú.

"Kò dá mi lójú," ló wí, ó sì jáde lọ.