Abẹ́ Dẹ́kìn Nọ́ọ̀sì Cecilia

Lọ́dún Udoji, tí ìjọba fi kún owó oṣù, ta ni kò fẹ́ kọ́lé ní Ẹgbẹ́dá? Owó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, símẹ́ǹtì ni kò sí. Inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà, tí omi ń wọ̀ ọ́, tó ń dì. Múdàṣírù Oyèníran, kọ́ńtírátọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ra ogún àpò nínú èyí tó ti dì. Ó fòòlù fọ́ ọ, ó sẹ́ ẹ, ó pò ó mọ́ èyí tó dáa, ó sì fi da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Nọ́ọ̀sì Cecilia. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má tíì pè é lólè o! Obìnrin náà ló ń kán an lójú, ó ní dandan, òun á kó wọlé kí Kérésì tó dé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ igi tó gbé dẹ́kìn náà dúró, Múdàṣírù gbé ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ. Ọdẹ́tọ́lá, àgbà káfíńtà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ, kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè.

"Ọ̀gá, símẹ́ǹtì tí ẹ fi da èyí, ó dáa àbí?"

"Ẹ̀yin náà! Ìgbà wo ni mo ra èyí tí kò dáa rí?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọdẹ́tọ́lá wọlé, lébìrà mẹ́rin tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbá igi, igi ń ṣubú. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá dún gbì, Múdàṣírù tó dúró síta á gbójú wo dẹ́kìn. Òógùn bò ó bí ẹni tó ru àpò símẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ kò gbé nǹkan kan. Kí ló ń ṣe é tí kò lè lanu? Ojú ń tì í ni. Wọ́n yọ igi méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ogójì. Táyéwò, lébìrà kan tó fẹ́ràn àwàdà, wá fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ dẹ́kìn níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Iyanrìn díẹ̀ jábọ́ sórí fìlà Ọdẹ́tọ́lá. Káfíńtà gbọn fìlà, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ẹ jáde!" Múdàṣírù figbe ta. "Ẹ jáde níbẹ̀! Símẹ́ǹtì tó ti dì wà nínú ẹ̀!"

Wọ́n sáré jáde. Gbogbo wọn dúró nínú oòrùn, wọ́n ń wo dẹ́kìn. Wọ́n wò ó títí. Dẹ́kìn kò mì, kò sán.

"Ọ̀gá, ẹ kàn já wa láyà lásán ni jàre!" Táyéwò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ọdẹ́tọ́lá ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Múdàṣírù bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà rí i pé kò wó."

"Mo rí i. Àmọ́ mo bi yín kí n tó wọlé." Ó gbé àpò kọ́ èjìká. "Ọmọ méje ni mo fi sílé, Ọ̀gá. Ó dìgbà."

Àwọn lébìrà wo ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Táyéwò ló lọ kẹ́yìn. Igi méjìlá ló kù lábẹ́ dẹ́kìn. Múdàṣírù he òòlù kan nílẹ̀, ó ní "Bísímílàhì," ó sì dá wọlé lọ yọ wọ́n.