Aràrá Tó Di Amòye

Ẹni tó bá ṣẹ Màmá Ìyìn, kó yáa tètè tọrọ àforíjì, nítorí inú obìnrin náà dà bí kànga: ohun tó bá já sí i, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, kì í ṣàn kúrò níbẹ̀.

Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Josephine ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Fìdítì tí wọ́n bí i sí. Ọkọ ló gbé e dé Ìlọràá, ibẹ̀ ló sì ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí èèyàn bá wọ mọ́tò láti Fìdítì sí Ìlọràá, tó ra ẹ̀pà sísè dání, kò ní jẹ ẹ́ tán tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ipò ọ̀gá ilé-ìwé ṣófo, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Josephine ló kàn, Ezekiel dìde nínú ìpàdé àwọn òbí àti àwọn àgbà. Ezekiel yìí, Josephine ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kíláàsì mú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Ó ní òfin wà nílẹ̀ pé àlejò kì í jẹ ọ̀gá ilé-ìwé tí àwọn bàbá àwọn fi orí ara wọn ru bíríkì kọ́, áńbọ̀sìbọ́sí obìnrin àlejò. Ó ní kí olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó mú òfin náà wá. Ezekiel ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá. Abẹ́ rẹ̀ ni Josephine ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ síwájú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé kó lè fi gègé pupa sàmì sí i.

Ìfẹ̀yìntì ló tún kó wọn pọ̀. Ìjọ tí àwọn méjèèjì ń lọ gba kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun. Wọ́n tò wọ́n sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé sólà lé òrùlé, wọ́n sì ní kí Dárasími máa kọ́ àwọn àgbà. Dárasími, ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, rí i pé ọwọ́ àwọn àgbà le lórí máòsì. Ló bá gbé eré kan sínú ẹ̀rọ gbogbo wọn. Eré ayé kan tí kò sí rí ni, níbi tí ẹni tó ń ṣe é yóò ti yan ẹ̀yà tó fẹ́ jẹ́ àti iṣẹ́ tó fẹ́ máa ṣe, tí yóò wá máa rìn kiri inú igbó àti ihò àpáta, tí yóò máa bá abàmì ẹranko jà. Wáyà so àwọn kọ̀ǹpútà náà pọ̀, nítorí náà wọ́n lè jọ rin ìrìn kan náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi na ọwọ́ lásán di bárakú. Tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì á jókòó, awò lójú, wọ́n á máa lé ìkookò.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yan ẹ̀yà, Màmá Ìyìn yan aràrá. Aràrá inú eré náà kúrú, ó ki, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé àyà; ó jọ bàbá rẹ̀ tó ní oko ọsàn ní Fìdítì. Ó wá fẹ́ kó jẹ́ oṣó, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe iṣẹ́ àrà. Nítorí pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, wọn kì í pe orúkọ yẹn. Amòye ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ ibẹ̀, kò jẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣú bí eérú, nígbà tí àwọn tó kù ń tàn.

Ezekiel, tó ti di díákónì, na ọrùn wá láti orí àga rẹ̀. Òun ti yan iwin, ẹ̀yà àwọn arẹwà tó ga, tí eré náà fún láyè láti ṣe iṣẹ́ tó bá wù wọ́n.

“Màmá Ìyìn, aràrá kì í di amòye,” ó ní. “Òfin eré nìyẹn. Kí olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ rántí ibi tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Màmá Ìyìn rántí, ó rántí títí dé aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rọra tẹ jagunjagun.

Oṣù ń gorí oṣù. Iwájú ni àyè aràrá jagunjagun. Ọfà tó bá ń bọ̀, àyà rẹ̀ ni. Èékánná ẹranko tó bá ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Iwin Díákónì á wà lẹ́yìn pátápátá, á máa ju iná, bí ogun bá sì parí, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ìṣúra. Òun náà ló ní kí Dárasími tò ó kó jẹ́ pé ẹni tó bá kú sínú eré kò ní jí mọ́, kó má bàa dà bí eré ọmọdé. Ó máa ń sọ fún Olúdáre, dírẹ́bà àtijọ́ tó yan ọdẹ, pé kò sí apata tó dà bí aràrá Màmá Ìyìn. Ó rò pé òun ń yìn ín ni. Ọ̀rọ̀ náà ń ta Màmá Ìyìn lára bí ata.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ, Màmá Ìyìn bi Dárasími bóyá òfin inú eré náà ṣe é yí. Ó bi í bí ẹni tí kò nílò ìdáhùn, ó ń nu awò rẹ̀. Dárasími ní ó ṣe é yí. Ó ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni eré náà ti ń yẹ ẹ̀yà àti iṣẹ́ wò, níbi tí èèyàn ti ń yan ẹni tó fẹ́ jẹ́. Bí ẹni náà bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan mọ́. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pamọ́ sí fáìlì kan; ẹ̀yà rẹ̀ á jẹ́ nọ́ńbà kan, iṣẹ́ rẹ̀ á jẹ́ nọ́ńbà mìíràn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì náà, tó sì pààrọ̀ nọ́ńbà iṣẹ́, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Màmá Ìyìn ní kó fi han òun.

Kò rọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pààrọ̀ nọ́ńbà náà, eré kò ṣí rárá. Ìgbà kejì, aràrá jáde, ó sì ń jẹ́ amòye lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọfọ̀ kan ṣoṣo. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi joyè tí wọn kò fún ní ààfin. Dárasími ní àfi kí wọ́n kọ àwọn ọfọ̀ náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Ìyìn jókòó tì í, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń mú ọmọ tí kò tètè mọ̀wé ka ìṣirò: iná, yìnyín, àfẹ́ẹ̀rí. Nígbà tí aràrá náà na ọwọ́ kúkúrú rẹ̀ sókè, tí iná là láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, omi lé sí obìnrin náà lójú.

“Ẹ má gbé e wọ inú eré àwọn tó kù o, mà,” Dárasími sọ fún un. “Wọ́n á ní ojóóró ni.”

Ó ní òun gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni ṣíṣe. Ó dá aṣọ jagunjagun pa dà sọ́rùn aràrá náà, ó fi àáké sí i lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura, ó sì ń retí ọjọ́ tó tọ́.

Ọjọ́ náà ni Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa wọ ihò ejò abìyẹ́, èyí tó sùn lé adé gbogbo ilẹ̀ náà. Díákónì dé fìlà tuntun wá. Ó ti ń dápàárá fún àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n wá kí òun ní kábíyèsí. Ó tò wọ́n bó ṣe máa ń tò wọ́n: aràrá níwájú, ọdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun lẹ́yìn. Wọ́n wọlé. Ejò náà gbé orí sókè.

Màmá Ìyìn tẹ bọ́tìnnì kan. Aràrá pòórá.

Ejò náà wò yíká, kò rí ẹni tó hàn gedegbe tó iwin gíga tó ń tàn. Díákónì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà. “Màmá Ìyìn, ibo lẹ wà? Ẹ bọ́ síwájú.”

Díákónì yí iwin rẹ̀ pa dà kó lè sá jáde, ó sì bá ògiri yìnyín lẹ́nu ihò, ó ga dé òkè. Láàrin wọn, òun nìkan ló mọ yìnyín ṣe, òun kò sì ṣe é. Ó ju iná lù ú. Kó tó yọ́, ìrù ejò ti gbá a mọ́lẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ́n, ó sì ṣókùnkùn.

Ìgbà náà ni aràrá tó yọ. Kò lo àáké. Iná tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde bo ejò, ó bo gbogbo ihò náà, débi pé ọdẹ Olúdáre jó dé orókùn, díẹ̀ ló kù kó kú. Olúdáre ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Màmá Ìyìn kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ejò náà ṣubú, ó gba orí òkú iwin kọjá, ó mú adé, ó fi dé aràrá rẹ̀ lórí.

“Aràrá kì í di amòye,” Díákónì ní.

“Ó ti di amòye báyìí, Díákónì.”

Ọjọ́ Ìsinmi ò tíì pé tí ẹjọ́ fi dé iwájú Pásítọ̀ Ayọ̀olúwa, ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ọ̀yọ́. Ojú ti pásítọ̀ díẹ̀ pé àwọn tó tó bí òun lọ́mọ ń ro ẹjọ́ eré. Díákónì rojọ́ gígùn. Ó ní ojóóró ni, ó ní ẹni tó lè rú òfin ohun kékeré kò yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, bí Màmá Ìyìn ṣe ń ṣe. Màmá Ìyìn ní òótọ́ ni, òun ṣe ojóóró, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó wá kọjú sí Díákónì.

“Òfin eré yẹn, mo fi ojú ara mi rí i kí n tó rú u. Èyí tẹ́ ẹ kà sí mi létí ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, pé àlejò kì í jẹ ọ̀gá, mo wá a títí dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí níbì kankan. Ẹnu yín lẹ ti mú un jáde.”

“Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn,” Díákónì ní. Kò wo ojú rẹ̀.

“Tuntun ni lára mi.”

Pásítọ̀ tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ gbàdúrà fún wọn, ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n bọ̀ ọ́.

Díákónì kò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì wá fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Màmá Ìyìn ti rò pé ayọ̀ ẹ̀san kì í pẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tirẹ̀ pẹ́. Bó bá ń fọ abọ́, á rántí ojú ọkùnrin náà níwájú ògiri yìnyín, á sì dá rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí àwọn tó kù tó dé, Díákónì wọlé. Kò dé fìlà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Dárasími pé bí ẹ̀dà fáìlì bá wà, òkú inú eré lè jí, àti pé ọwọ́ Màmá Ìyìn ni ẹ̀dà ti gbogbo wọn wà, nítorí òun ló ń bá ọmọbìnrin náà kó wọn pamọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun tọ́ iwin náà láti ìgbà tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní láti ìgbà tó ti kú, ilẹ̀ á mọ́ òun kò ní mọ ohun tí òun ń jí fún. Ó ní Màmá Ìyìn náà mọ bó ṣe ń dun ènìyàn, kí ohun tó làágùn fún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá Ìyìn ti ṣí ibi tí fáìlì náà wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí, kò tilẹ̀ ní kó gùn. Bí Díákónì bá lè sọ pé mo ṣẹ̀ yín, ọwọ́ Màmá Ìyìn ti wà lórí máòsì tí yóò fi jí iwin náà. Díákónì tún ń ka àwọn ọfọ̀ tí iwin náà ti kó jọ.

“Ṣé ó parí, Díákónì?”

“Ó parí.”

Màmá Ìyìn pa fáìlì náà rẹ́. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

“Ẹ yan òmíràn,” ó ní. “Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ bíi tiwa.”

Ọkùnrin náà di apá àga mú, ó dìde, ó sì jáde. Dárasími, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yìí, béèrè bóyá kò dun Màmá Ìyìn rárá. Màmá Ìyìn rò ó dáadáa, nítorí kì í fẹ́ pa irọ́ fún ọmọdé.

“Ìyàwó rẹ̀ ni mo káàánú,” ó ní, “tí yóò máa gbọ́ ìráhùn rẹ̀ nílé.”

Ó ní kó bá òun tan fáànù. Àwọn tó kù ti ń dé. Olúdáre kí i, àbọ̀ ẹnu ló fi kí i, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ tó jìnnà jù lọ sí tirẹ̀. Màmá Ìyìn béèrè bóyá ẹsẹ̀ ọdẹ rẹ̀ ti san. Ó ní ó ń san díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ igbó lọ́jọ́ náà, ọdẹ ò tún bá aràrá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, ọ̀nà tirẹ̀ ló yà sí.