Ìjàpá tí Lamara Fi Sínú Àpòòwé

Ẹ kú ìkàwé, ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó fún wa ní ojú láti fi ríran àti ọkàn láti fi ronú. Ìtàn Lamara ni mo fẹ́ sọ, obìnrin aránṣọ kan ní ìlú Kutaisi, ní ilẹ̀ Jọ́jíà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì bí ẹni ń mu omi.

Láti aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Lamara kò ti lè jókòó. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó ka àwo mẹ́fà, ó gbàgbé, ó tún un kà. Nínú pálọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí pátákó ayò ká, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Pátákó náà wà lára ẹrù tí wọ́n fi gbé Lamara wọlé ọkọ. Ní Kutaisi, bí baba bá fa ọmọbìnrin fún ọkọ láìfi ayò sí ẹrù rẹ̀, ahun ni àwọn àna yóò máa pè é.

Ayò tí Lamara bá Eteri ará Tbilisi ta láàárọ̀ kò tíì parí. Bí wákàtí márùn-ún bá pé, ẹni tí ó kàn kò ní ta á lójú ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Yóò kọ ohun tó fẹ́ ta sínú ìwé, adájọ́ yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé, yóò tì í pa títí di ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Lamara ló kàn. Ayò tirẹ̀ nìkan ló sì kù nínú ìdíje àwọn òṣìṣẹ́. Bí ó bá ta ọ̀mì, ife-ẹ̀yẹ ti di ti àwọn aránṣọ Kutaisi fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá pàdánù, ó di ti Tbilisi.

Gbogbo wọn ti gbà pé pàṣípààrọ̀ ayaba ló kọ. Kí ni ì bá tún kọ? Kí ayaba méjèèjì kúrò, kí ojú ogun rọlẹ̀, kí wọ́n bọwọ́, kí kálukú máa relé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Lamara kọ nìyẹn.

Ìjàpá ni wọ́n ń pe ọmọ ayò tó ń rìn láti igun dé igun níbẹ̀. Lamara kọ ọ́ pé kí ìjàpá òun jẹ ọmọ-ogun tó dúró níwájú ọba Eteri. Wọn yóò pa ìjàpá náà lójú ẹsẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á yóò kúrò ní ipò rẹ̀, ògiri yóò lu, ọ̀nà tààrà yóò ṣí fún kẹ̀kẹ́-ogun Lamara, ààyè yóò sì gba ẹlẹ́ṣin rẹ̀ níwájú ọba gan-an. Ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé nìyẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀, òkùnkùn ni.

“Lamara, jókòó jàre!” Guliko, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló kígbe láti pálọ̀. “Ìwọ lo ni ayò, orí àwa ló ń fọ́!”

“Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Pelagia, ń fọ́ àsálà nídìí ààrò. Ó gbé òkúta rẹ̀ kalẹ̀. “Ìyàwó mi, ta lo pa?”

“Màmá, n kò pa ẹnikẹ́ni.”

“Ojú ẹni tó pa èèyàn lo gbé kiri láti ọ̀sán.”

Lamara bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Màmá Pelagia ṣe àmì àgbélébùú sí ara rẹ̀ láyà.

“Kí ni mo mọ̀ nípa ìjàpá? Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọlọ́mọ ń fi ọpọlọ wọn ṣòfò sórí ohun tí kò sí. Lọ sọ fún wọn.”

“Wọ́n á pa mí, Màmá.”

“Wọn ò ní pa ẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Lọ.”

Nígbà tí Lamara sọ ọ́ tán, Guliko dìde, búrẹ́dì itan rẹ̀ já bọ́.

“Ìjàpá wo? Ọ̀mì là ń wá! Ọ̀mì lásán! Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ ni?”

“Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ kí orí mi tó bá a, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.”

“Ọdún mọ́kàndínlógún, Lamara! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta ayò fún ẹgbẹ́ yìí. Ojú mi ò ríran mọ́. Eléyìí ni àṣemọ mi.”

Tíṣà Valiko tó ń kọ́ wọn ní ayò sún mọ́ pátákó. Ó kó àwọn ọmọ ayò kúrò, ó tún wọn tò. “Ẹ jókòó,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó gbé wa dé.”

Ibi burúkú ni. Bí ọba Eteri bá sá gba apá òsì, ogun Lamara yóò kú síbẹ̀, àfi bí ó bá tún fi kẹ̀kẹ́-ogun kan sílẹ̀ kí wọ́n pa á. Nígbà náà, ayaba rẹ̀ lè máa lé ọba náà láti ojú méjì, kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀, láìdáwọ́ dúró. Bí ìrìn kan náà bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀mì nìyẹn.

“Ọ̀mì wà níbẹ̀,” ni Tíṣà wí. “Bóo bá wá nǹkan mìíràn kọjá rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi ṣe é.”

Guliko di apá Lamara mú. “Ṣèlérí fún mi. Bí ọ̀mì bá yọjú, mú un.”

“Mo ṣèlérí, ẹ̀gbọ́n.”

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, adájọ́ ya àpòòwé. Eteri wo pátákó, ó wo Lamara, ó tún wo pátákó. Ó rò ó fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó pa ìjàpá náà. Ọba rẹ̀ sá gba òsì, bí wọ́n ti bẹ̀rù. Lamara fi kẹ̀kẹ́-ogun rẹ̀ sílẹ̀, Eteri pa á. Ayaba bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọba: ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Àfi bí Lamara ṣe rí i.

Ọmọ-ogun kékeré kan wà létí pátákó. Bí ó bá sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan péré, láìhalẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ibi tí ọba ń sá sí yóò dí. Nínú pálọ̀ lánàá, kò sẹ́ni tó rí i. Ó ka ìrìn náà lọ, ikú ọba ló bá. Ó tún un kà, ikú ọba ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣì í kà, kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà. Lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi dá èrò dúró, Guliko bọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́wọ́, kò lè wò ó.

Lamara na ọwọ́ sí ọmọ-ogun náà. Ọwọ́ náà dúró lókè. Ó fà á padà, ó mú ayaba, ó lé ọba lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì pe adájọ́ pé ọ̀mì ni.

Ariwo sọ. Guliko ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ń lu Tíṣà Valiko lẹ́yìn. Eteri rọra ń kó àwọn ọmọ ayò sínú àpótí.

“Ọmọ-ogun etí yẹn ńkọ́?” ló bi í. “Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

“Mo rí i.”

“O rí i? Kí ló wá dé tóo ò ta á?”

“Mo ti ṣèlérí fún wọn.”

Eteri mi orí. “Ìwọ lo máa sùn dáadáa, ṣé o mọ̀?”

“Irọ́ ńlá,” ni Lamara dáhùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n gbé ife náà dé ilé, Màmá Pelagia bu ọbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lamara jẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó bá wọn kọrin. Ṣùgbọ́n lábẹ́ tábìlì, ìka rẹ̀ ń ya ojú pátákó sórí itan rẹ̀. Ó ti sún ọmọ-ogun náà síwájú lọ́kàn, ó sì ń ka ìrìn karùn-ún.

Ìwọ tí o kà á dé ibí, kí Olúwa fún ọ ní agbára láti mú ìlérí rẹ ṣẹ lọ́jọ́ tó bá ṣòro. Ohun tí o bá sì fi sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn, kí Ó fi àlàáfíà dí i fún ọ. Àmín.