Ọ̀rọ̀ Méjìlá Tí Fàlílù Há Sórí

Nọ́ọ̀sì Susanna ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Ruqoyah, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìwòsàn. Ó ní ẹlòmíràn tó ní irú àìsàn ọpọlọ tí Fàlílù, àbúrò Ruqoyah, ní, ara rẹ̀ a máa gbóná láti inú bíi pé egbò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí egbò lóde. Àwọn dókítà ń wádìí bóyá ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iyè wọn ra.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ruqoyah lára. Oògùn ti lé ohùn tí Fàlílù nìkan ń gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò dá iyè rẹ̀ padà. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ńlá ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀ báyìí, á dé ẹnu ọ̀nà, á dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Itele. Ó ku tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nínú ilé bàbá wọn ní Ìjù, láàárín họ́sítẹ́ẹ̀lì tuntun tí ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún inú wọn. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn wọn.

Dókítà Olúkẹ́mi ń wá àwọn tó máa lo oògùn tuntun fún ìgbóná inú yẹn. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Fàlílù, ó sì ka ọ̀rọ̀ méjìlá sí i létí. Mẹ́ta ni Fàlílù rántí. Dókítà ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Fàlílù tún un kà.

Ruqoyah ti yára kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó wọ kíláàsì àwọn àgbà. Kíké léraléra ló fi mọ̀wé. Ní Ọ̀tà tí gbogbo ilé ti ń wá àyè sí yunifásítì, ẹni tó bá yege ni wọ́n ń gbà wọlé. Ta ló sọ fún un pé èyí yàtọ̀?

"Ìkẹrin ńkọ́?" ló bi Fàlílù nílé lálẹ́.

"Ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ti ń ké bí ewúrẹ́."

"Èmi lò ń pè ní ewúrẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Fàlílù ka méjèèjìlá láìdúró.

"Dókítà, ṣé mo yege?"

"O yege dáadáa! Màmá, ẹ kú oríire. Kò nílò oògùn wa. Àwọn tí iyè wọn ti dín là ń wá."

Fàlílù na àyà bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí. Ruqoyah wò ó. Bí òun bá dákẹ́, ayọ̀ yìí ni wọ́n á gbé lọ sílé, iyọ̀ á sì tún di ìgbàgbé lọ́la.

"Dókítà, èmi ni mo kọ́ ọ." Ó yọ ìwé náà. "Kò rántí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi há a sí i lórí."

"Kò burú, Màmá. Mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Fàlílù, jókòó ká tún bẹ̀rẹ̀."

Fàlílù kò jókòó. Ìwé yẹn ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé ayọ̀ náà délé."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ruqoyah pè é lẹ́ẹ̀mejì láti ẹnu géètì. Ọ̀nà Ṣàngó ló kọrí sí, kì í ṣe ọ̀nà ilé. Kò wẹ̀yìn.