Ọ̀já Tó Gbé Ẹṣin Dúró

Hafeezat tẹ́ tápólì àlòkù kan sí iwájú ilé, ó gbé òkúta lé igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má baà ká a, ó sì wọlé lọ mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ télọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rán bùbá, ó ti rán aṣọ iléèwé, ó ti rán agbádá fún olóyè tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìbàdí ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò sì lè dìde, ńṣe ni Hafeezat dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilé ẹṣin, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, ó ń fa téèpù náà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga.

Dúdúyẹmí ni wọ́n ń pe ẹṣin náà. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí ọmọ Òmù-Àrán kan bá ti Èkó wálé wá joyè, bí wọ́n bá ń ṣòkú àgbà ní Ìsánlú-Ìsin tàbí Òkè-Onígbìn, Bùkárì ọkọ Hafeezat ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kó fa ẹṣin wá. Dúdúyẹmí kì í ta ìpá, ìró ìbọn kì í bà á lẹ́rù. Ẹni tí kò gẹṣin rí láyé á jókòó lé e bí ẹni jókòó sórí àga.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àìsàn dé. Bùkárì ló kọ́kọ́ mú. Wọ́n pè é ní ibà, wọ́n lo oògùn ibà. Ibà kò lọ, ọrùn rẹ̀ wá le gan-in, orí ń fọ́ ọ débi pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń ta á lójú bí ata, ó sì wo Hafeezat, ó bi í pé ta ni. Ìlọrin ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ló wú. Ó yè é, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé. Kò sì tíì pẹ́ tó délé tí ètè Dúdúyẹmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹṣin ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Ní àárọ̀ Àlàádì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn yẹ̀, ó wó, kò sì dìde mọ́.

Ó ti rẹ Hafeezat. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn lé lórí tó fi ń lọ. Bó bá fi òróró ra ẹsẹ̀ ọkọ tán, á lọ ra ti ẹṣin. Bó bá bu omi fún ọ̀kan, á bu fún èkejì. Nígbà mìíràn, á dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, á máa ronú ẹni tó kàn.

Yàhàyá, ẹ̀gbọ́n Bùkárì, ti sọ tirẹ̀ lójú dókítà ẹran. Ṣèyífúnmi lorúkọ dókítà náà, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń gun ọ̀kadà káàkiri abúlé tọ́jú ẹran ọ̀sìn.

“Ẹṣin yìí ló kó àìsàn ran àbúrò mi,” ni Yàhàyá wí. “Ẹ jẹ́ ká tètè pa á.”

“Àbúrò yín ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, bàbá.”

“Ó dáa, òun ló kó o ran ẹṣin.”

“Kò sẹ́ni tó ran ẹnì kan nínú wọn, sà. Bí mo ṣe ń wò ó, ara ẹyẹ ni kòkòrò àìrí yìí ń gbé. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, á wá jẹ èèyàn tàbí kó jẹ ẹṣin. Bó bá ti wọ ara àwa tàbí ẹṣin, ọ̀nà rẹ̀ ti di nìyẹn. Kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó èyí tí ẹ̀fọn mìíràn á rí gbé lọ. Bẹ́ ẹ sùn ti ẹṣin yìí di ọ̀la, kò ní ràn yín. Ẹ̀fọn tó jẹ àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ bínú sí.”

“Ẹ bá mi pe ẹ̀fọn náà kó wá jẹ́jọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Hafeezat. Ó béèrè oògùn rẹ̀.

Ṣèyífúnmi mi orí. “Kò sóògùn tó ń pa á, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà ti lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, èsì kò tíì dé. Ara ẹṣin fúnra rẹ̀ ló máa bá a jà. Àmọ́ bí ẹṣin bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ìwúwo rẹ̀ á máa pa iṣan rẹ̀, èémí á máa wúwo fún un. Ìdùbúlẹ̀ á pa á kí àìsàn tó ráyè. Bá a bá rí i gbé dúró, bó ṣe wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, ó lè yè é.”

“Ta ló máa gbé ẹṣin?” Yàhàyá bi í. “Ẹ gbọ́, mo fún yín di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bí kò bá dá dúró, mo máa mú ọ̀bẹ wá. Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́ o. Mo fẹ́ kó sinmi ni.”

Bùkárì wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Ọmọ ẹṣin ni Dúdúyẹmí nígbà tó rà á ní Ṣàárẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi tọ́ ọ dàgbà.

Bí Hafeezat ṣe di ẹni tó ń rán aṣọ tí wọ́n máa fi gbé ẹṣin dúró nìyẹn. Gbóyèga, wẹ́dà tó wà lójú títì, jó páìpù mọ́ páìpù, ó gbé e kalẹ̀ bíi gòólù bọ́ọ̀lù sórí ibi tí ẹṣin dùbúlẹ̀ sí. Ó lọ yá ṣéènì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fa ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀, ó fi kọ́ òkè páìpù náà. Ohun ìyanu ni ṣéènì yẹn. Kẹ̀kẹ́ ńlá wà nínú rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ kékeré. Èèyàn á fa ṣéènì gígùn gan-an kí ẹrù tó gòkè díẹ̀, ohun tí ọwọ́ sì pàdánù ní gígùn ló fi ń rí agbára. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi gbé ohun tí èèyàn mẹ́wàá ò lè gbé, bó bá ṣáà ti ní sùúrù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n lọ́sàn-án gangan. Ṣèyífúnmi béèrè ibi tí wọ́n ti ń wá. Hafeezat fi ẹnu júwe ilé Ọlábọ̀wálé tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ilé alájà méjì ni, Èkó lolówó rẹ̀ wà, àtìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti tì í. Kò sẹ́ni tó ń wọbẹ̀. Ilé ẹni tí kò sí nílé, ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún un. Bí igi wó síbẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ de onílé. Ìyá Rúùtù, aládùúgbò wọn, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́kọ́ yarí, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n pe òun lólè lọ́jọ́ alẹ́ òun, kó tó ṣí géètì. Lẹ́yìn ilé náà, ọkọ̀ tó kó kánópì wá síbi ìsìnkú ti fọ́ ìdérí sọ́kàwéè, omi ìdọ̀tí àwọn àlejò sì ti kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Gbóyèga fi igi gbún ojú ibi tó fọ́, ẹ̀fọn sì rú jáde bí èéfín.

“Ẹ wò ó!” ni Ìyá Rúùtù wí. “Àṣé mò ń ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ wọn ni.”

Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu páìpù tí atẹ́gùn ń gbà jáde nínú sọ́kàwéè náà, wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n dí ibi tó fọ́. Hafeezat fọwọ́ ra sìmẹ́ǹtì náà, ó sì padà sídìí máṣíìnì.

Bẹ́líìtì gbàǹgbà ló kọ́kọ́ rán, èyí tó máa gba abẹ́ ikùn Dúdúyẹmí kọjá. Àtàlátà ni wọ́n dán an wò. Gbóyèga fa ṣéènì, ó ń dún kẹrẹ-kẹrẹ, ẹ̀yìn ẹṣin sì gbéra nílẹ̀. Ikùn rẹ̀ fún pọ̀, ó kérora, ó ranjú. Bẹ́líìtì náà yọ̀ sẹ́yìn, orí ẹṣin já wálẹ̀, ó wá so rọ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́.

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Kò lè mí!” ni Ṣèyífúnmi pariwo.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Hafeezat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Aṣọ yín ò ba oníbàárà mu, Ìyá télọ̀,” ni Gbóyèga fi ṣe àwàdà, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Èmi náà ti rí i bẹ́ẹ̀,” ni dókítà wí. “Mo ti rí àwòrán irú èyí tí wọ́n ń lò níbòmíràn, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe gé e.”

Ìyá Rúùtù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Success ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Ọmọ náà ti ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìdí sọ ọ́ sókè, ó fa aṣọ gba abẹ́ ìdí ọmọ, ó sì tún ọ̀já so.

Hafeezat ń wò ó.

“Ìyá, ẹ tún un ṣe.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún un pọ̀n.”

“Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn! Ṣé àárẹ̀ yìí ò ti dà ọ́ lórí rú báyìí, Hafeezat?”

“Ẹ dákun, mà.”

Ìyá Rúùtù tú ọmọ, ọmọ fi igbe bọnu, ó sì tún un pọ̀n. Hafeezat tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú bí ẹni tí kò pọnmọ rí, òun tó ti pọn mẹ́rin. Abẹ́ ìdí ni ìwúwo ọmọ wà. Ọ̀já tó gba àyà kọjá kò gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ọmọ má ṣubú sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń fi ikùn gbé ọmọ kọ́.

“Ẹ bá mi mú sísọ́ọ̀sì,” ló wí.

Ó gé ọ̀já kan tó máa gba ẹ̀yìn itan ẹṣin, ó gé òmíràn tó máa gba àyà rẹ̀ níwájú, ó sì so àwọn méjèèjì mọ́ èyí tó wà lábẹ́ ikùn. Kò jẹ́ kí òwú gbé ìwúwo, torí òwú á já. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ ló mú gba abẹ́ ẹṣin láti òrùka irin ọ̀tún tí ṣéènì máa kọ́ dé tòsì láìgé e. Òwú kàn di okùn àti tápólì mú pọ̀ ni. Ó fi fóòmù àti ìró rẹ̀ àtijọ́ tẹ́ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ lábẹ́ máṣíìnì, á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Bó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì ló ń tòògbé.

Lọ́jọ́ kejì tí Gbóyèga fa ṣéènì, Dúdúyẹmí gòkè láìkérora. Pátákò rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dúró nínú aṣọ náà bí ọmọ ọwọ́, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ so rọ̀, ó mí kanlẹ̀. Hafeezat gbé dùsà, èérí ọkà, síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kàn ń yí po ni. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ra ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á tún fà á sókè. Ọwọ́ Hafeezat bó. Kò gbàdúrà tó gùn mọ́. “Ọlọ́run, o rí wa” nìkan ló ń wí.

Nígbà tí Yàhàyá dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó ti we ọ̀bẹ sínú bébà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbóyèga ń tú ṣéènì sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Ṣèyífúnmi sì tẹjú mọ́ orúnkún ẹṣin. Ẹsẹ̀ Dúdúyẹmí gbọ̀n. Ó ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sí i. Gbóyèga tún tú ẹyọ kan.

“Ẹ tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀,” ni dókítà wí.

Hafeezat tọwọ́ bọ àárín tápólì àti ikùn ẹṣin. Àyè wà. Aṣọ náà ti rọ̀, kò gbé nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹṣin ló gbé ẹṣin.

“Ó ṣì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́,” ni Yàhàyá wí.

“Èmi náà ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n.” Bùkárì ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. “Ṣé kí n wá dùbúlẹ̀ fún yín?”

Ẹ̀rín gba Yàhàyá lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Ó tú bébà kúrò lára ọ̀bẹ, ó bojú wo àyíká, ó sì jáde lọ gé koríko tútù fún ẹṣin.

Wọ́n tú ọ̀já náà kúrò lára Dúdúyẹmí. Dókítà ní kí wọ́n má retí pé á gbé olóyè kankan títí ọdún á fi yí po, bóyá láéláé, àmọ́ kì í ṣe àìsàn yìí ni yóò pa á mọ́. Ó ká tápólì náà, ó ń wo bí okùn ṣe gba inú rẹ̀.

“Ìyá, ẹṣin kan ti wó ní Òkè-Onígbìn láti àná. Ṣé ẹ lè rán òmíràn? Wọ́n á sanwó rẹ̀.”

Hafeezat wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tíì wọlé látìgbà tí òjò ti kásẹ̀ nìyí.

“Màá rán an,” ló wí. “Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀yìn itan rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kí n sùn ná.”

Ó gba tápólì náà lọ́wọ́ dókítà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, apá ibi tí ìró wà sókè, ó sì dùbúlẹ̀ lé e.