Ife Ìdílé Niedopił

Ksawery Niedopił fẹ́ràn orúkọ ìdílé rẹ̀ ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èrò wò láti Siedlce dé Warszawa, kò sí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ní bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ìdílé yín?" Bí èrò náà bá ti dáhùn, Ksawery á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Orúkọ yín dáa. Ẹ kàn pọ̀ jù ni." Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ tirẹ̀, yóò sì dúró kí ẹnu ya onítọ̀hún. Àwọn kan máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá tíkẹ́ẹ̀tì àwọn padà, wọ́n fẹ́ lọ jókòó níbòmíràn.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Niedopił túmọ̀ sí ẹni tí kò mu ọtí rẹ̀ tán, ó sì ṣòro kí ọmọ Póláǹdì gbọ́ ọ kó má rẹ́rìn-ín. Ksawery ní ìtàn tó fi ń pa ẹ̀rín náà. Ó ní nígbà ayé àwọn ọba, baba ńlá òun jókòó nídìí tábìlì ọba, ife wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni fèrè ogun bá dún. Àwọn ìjòyè yòókù kọ́kọ́ mu ọtí wọn tán ná. Baba ńlá òun nìkan ló gbé ife kalẹ̀ láìmu ún dé ìdajì, tó fò sórí ẹṣin, tó sì kọjú sí ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí ọba fi fún un ní orúkọ náà, tó sì sọ ọ́ di ọlọ́lá.

"Ọba wo?" Bogumiła ìyàwó rẹ̀ ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ láti inú kíṣìnì.

"Ọba ni mo wí. Ṣé àwọn ọba ò pọ̀ ni?"

Kí ìtàn náà lè ní ẹ̀rí, ó ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà ya ife sára òrùka ńlá kan fún òun, irú èyí tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń fi sí ìka. Kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló ti ro àwòrán ife náà. Ara òkúta àtijọ́ kan ló ti wò ó, ní itẹ́ òkú Wólka Borowa, abúlé àwọn baba rẹ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un lọ tan àbẹ́là síbẹ̀ ní ọjọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Òjò ti nu orúkọ kúrò lára òkúta náà tipẹ́, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé sì ti bo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ife ṣì hàn kedere, pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn àti ẹnu fífẹ̀. Ní ojú Ksawery, ẹ̀rí mìíràn kò sí tí èèyàn tún ń wá.

Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé orúkọ náà fẹ́ parẹ́. Kò ní àbúrò, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò bí ọmọkùnrin. Jagoda ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló ní, Jagoda sì fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tó ń jẹ́ Nowak. Nowak! Bí èèyàn bá sín nínú ọjà Siedlce, àwọn Nowak ló máa kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́. Ọkàn Ksawery kò balẹ̀ mọ́. Òfin gbà pé kí ọkọ gba orúkọ ìdílé ìyàwó, tí àwọn méjèèjì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Nítorí náà, ó pe Kacper, ọkọ ọ̀la Jagoda, àti Grażyna ìyá rẹ̀ wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sunday.

Kacper ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe, ọkùnrin jẹ́jẹ́ sì ni. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe jẹ́jẹ́.

"Kí ni Nowak ṣe yín?" Grażyna ló béèrè, wọn kò tíì kó àwo ọbẹ̀ adìẹ kúrò nílẹ̀.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá Kacper. Ó kàn pọ̀ ni."

"Búrẹ́dì náà pọ̀. Ẹ sì ń jẹ ẹ́."

Kacper fi ọwọ́ bo ẹnu. Ksawery gbé ife fódíkà rẹ̀, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó dojú ife dé kí gbogbo ayé rí i pé kò ku ẹ̀kán kan, bí ó ti máa ń ṣe.

"Bàbá Jagoda," ni Grażyna wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ mọ̀ pé ọtí ló pa ọkọ mi. Ṣé orúkọ ọtí lẹ wá fẹ́ kí ọmọ mi máa jẹ́?"

"Orúkọ akíkanjú ni! Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn—"

"Mo ti gbọ́ ọ. Kacper gbọ́ ọ, ó sọ fún mi. Ẹni tó ń ta ẹran fún mi gbọ́ ọ. Ìtàn ò tó. Ẹ fi nǹkan tí ojú lè rí hàn mí."

"N ó fi hàn yín! Ẹ bá wa lọ sí Wólka ní ọjọ́ Àjọ̀dún. Tí ẹ bá rí ibojì baba ńlá mi, tí ẹ ṣì ní kò tó, kí Jagoda máa jẹ́ Nowak, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó parí. Tó bá sì tó, èmi náà ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fẹ́ bi èmi léèrè?" ni Jagoda wí.

"Jẹun, ọmọ mi," ni àwọn àgbà méjèèjì dá a lóhùn pọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ìlẹ̀kùn itẹ́ òkú Wólka kò gba èrò. Àwọn ènìyàn wọ kóòtù tuntun, wọ́n gbé òdòdó funfun àti aláwọ̀ ìyeyè dání, wọ́n ń gbàdúrà fún òkú tiwọn, wọ́n sì ń yọ́jú wo ibojì aládùúgbò bóyá òdòdó rẹ̀ ju tàwọn lọ. Ksawery ra àbẹ́là tó ga jù lọ tó wà lọ́jà. Ó gbé e síwájú bí ọmọ tuntun, ó ń sọ̀rọ̀ sókè kí àwọn ará abúlé lè tẹ̀lé e, wọ́n sì tẹ̀lé e lóòótọ́. Àǹtí Pelagia, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ṣì ń gbé ní Wólka, jókòó sórí àpótí kékeré nítòsí, ó di gèlè irun àgùntàn mọ́rí.

"Ibí rèé!" Ksawery na òrùka rẹ̀ sí òkúta náà. "Ẹ wo ife. Ẹ wo òrùka. Ìyá Kacper, ṣé ẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ?"

Grażyna kì í pa Máàsì jẹ. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ ya àmì àgbélébùú sí ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wo òkúta náà pẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ìdọ̀tí tó wà lókè ife náà. Ó ha á, ó fẹ́ ẹ, ó tún ha á.

"Bàbá Jagoda, ẹ ní baba ńlá yín ló sùn síbí?"

"Òun ni."

"Ẹni tó bí àwọn tó bí yín?"

"Ta ló tún lè jẹ́?"

"Kí wá ni nǹkan róbótó yìí, tí àgbélébùú wà láàárín rẹ̀?" Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Àkàrà mímọ́ nìyí, lórí ife Máàsì. Ibojì fádà ni. Gbogbo ibojì fádà ní Póláǹdì ló ní i. Fádà Àgùdà ni ẹ ń pè ní baba ńlá, Bàbá Jagoda?"

Ni ọkùnrin kan lẹ́yìn bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran àwọn yòókù.

"Ẹ má dá a lẹ́jọ́ o! Kò sẹ́ bàbá rẹ̀, ó tiẹ̀ ya ife rẹ̀ sórùka!"

"Abájọ tí orúkọ yẹn fi ṣọ̀wọ́n! Àwọn fádà kì í bímọ púpọ̀!"

Bogumiła fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. Ksawery ti ọwọ́ olórùka bọ àpò.

"Ta ló sọ pé ibẹ̀ yẹn ni baba ńlá wa wà?" Àǹtí Pelagia ló sọ̀rọ̀ láti orí àpótí rẹ̀. "Ẹ̀bá ọgbà lọ́hùn-ún ni Błażej wà, lábẹ́ igi. Níbi tí mò ń tan àbẹ́là sí lọ́dọọdún, tí ìwọ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó ò ń ṣe fáàrí lọ."

"Àǹtí, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń mú mi wá síbí!"

"Ó ń mú ọ wá dúpẹ́ ni. Błażej mu oko tà, ó mu màlúù tà, ìyàwó rẹ̀ ń sùn sínú abà tí wọ́n ń kó koríko ẹran sí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Fádà yìí ló wá bá a, tó mú un lọ síwájú pẹpẹ, tó ní kó búra pé òun ò mu mọ́. Kò pẹ́ sí i, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó lábúlé, wọ́n ki ife bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé kó mu ún dé ìsàlẹ̀. Ó ti gbé e sẹ́nu, ó ti fà á lẹ́ẹ̀kan, ló bá rántí. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn."

"Ọba ńkọ́?" Ksawery béèrè, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ọba wo? Àwọn ọlọ́tí Wólka ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Kò-Mu-Ún-Tán níbikíbi tó bá gbà kọjá, wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí ìjọba náà fi gbà pé orúkọ wọn nìyẹn. Ìwọ rò pé kí ló dé tí a ò fi pọ̀? Gbogbo ẹni tó lè rìn dé ọ́fíìsì ló lọ pa á rẹ́. Àwọn kan di Zieliński, àwọn kan di Wrzosek. Bàbá tó bí mi nìkan ló ṣẹ́ kù."

"Ó fẹ́ràn orúkọ náà," ni Ksawery wí, bí ẹni tó rí igi dì mú nínú odò.

"Ọ̀lẹ ni. Ó ní ọ̀nà ọ́fíìsì jìn."

Kacper kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èjìká Jagoda ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀, àwa á máa gbọ́. Mo rí òrùka ọwọ́ rẹ, mo rò pé fádà lo fi ń rántí. Mo ti lọ sọ fún gbogbo abúlé pé o ti di ẹni Ọlọ́run."

Ksawery bọ́ òrùka náà lọ́wọ́. Ó yí sí Grażyna, kò gbé ojú sókè. "Ìyá Kacper, ẹ ti borí. Kí Jagoda máa jẹ́ Nowak."

Ó dúró kó fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Grażyna ń wo ẹ̀bá ọgbà. Ó mú àbẹ́là kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tó fẹ́ gbé lọ sí ibojì ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bá padà sí Siedlce, ó rìn lọ sábẹ́ igi, ó sì tàn án síwájú àgbélébùú onígi tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

"Wọ́n máa ń ki ife bọ ọkọ tèmi náà lọ́wọ́," ni ó wí. "Ní ìgbéyàwó, ní ìsìnkú, ní ọjọ́ owó oṣù. N ò rí ọjọ́ kan tó gbé e kalẹ̀. Èyí gbé e kalẹ̀." Ó fọwọ́ nu imú. "Kacper, gba orúkọ náà."

"Màámi?"

"Gbà á, mo ní! Ta ló nílò ọba?" Ó wá nàka sí Ksawery. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin! Mo ti rí bí ẹ ṣe ń dojú ife dé. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mi jẹ́ orúkọ ọkùnrin yìí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ẹ fúnra yín. Ọjọ́ Ksawery Mímọ́ ń bọ̀. N ó wà níbẹ̀. N ó sì máa wo ife yín."

Ní ilé yẹn, ọjọ́ ìbí kì í ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ orúkọ, ìyẹn àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí èèyàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni ọjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, tí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ksawery ń gba àlejò, gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ ojú irin ló rọ́ dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àwọn ọkùnrin tí ohùn wọn ju ti ọkọ̀ wọn lọ. Bogumiła gbé ẹja inú òróró kalẹ̀, ó gbé kábéèjì kíkan àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kalẹ̀. Grażyna jókòó ní ọ̀kánkán Ksawery gan-an, báàgì lórí itan.

Wọ́n bu ọtí. Fódíkà náà tutù débi pé ara ife ń làágùn. Wọ́n kọrin fún un pé kó gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn figbe bọnu: "Dé ìsàlẹ̀! Ksawery, dé ìsàlẹ̀!"

Ksawery gbé ife sẹ́nu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó gbóná dáadáa nínú ọ̀fun rẹ̀, ìyókù sì wà níbẹ̀ tó ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Grażyna, ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Jagoda, tó ti di apá Kacper mú.

Ó gbé ife náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kígbe. "Ṣé dókítà ló sọ fún ẹ ni?"

"Ara rẹ̀ ò yá! Ẹ ṣí fèrèsé!"

"Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni, Ksawery? Mu ún tán, jọ̀ọ́!"

"N ò mu ún tán," ni Ksawery wí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Orúkọ mi nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ, wọ́n ń fọwọ́ lu tábìlì, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnìkan tilẹ̀ gbé ife náà padà sí iwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Grażyna gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bu ẹja sínú àwo.

"Kacper," ni ó wí, "ọ́fíìsì máa ń ṣí láàárọ̀ Monday. Má ṣe ọ̀lẹ."

Jagoda fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Inú Ksawery dùn débi pé, kí wọ́n tó gbé kéèkì jáde, ó ti yíjú sí ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í, ó na ìka tí òrùka kò sí mọ́ sí ife tó kù ní ìdajì.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni? Baba ńlá wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní Wólka, wọ́n ní kó mu ún dé ìsàlẹ̀. Gbogbo abúlé ń wò ó. Ó sì bọ́ sí i pé ọba ń kọjá lọ lọ́jọ́ yẹn..."

"Ọba wo?" ni Bogumiła béèrè láti inú kíṣìnì.